Ọwọ́ Mi Mọ Kòkó, Kò Mọ Ènìyàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Kòkó ni mò ń rà ní agbègbè Òǹdó. Bí mo bá ti ki ọwọ́ bọ àpò, mo ti mọ èyí tí kò gbẹ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé mẹ́rin tí mo gbà nítorí pé ọkàn mi fà mọ́ wọn ló kó mi sí gbèsè. Ṣé kí n má gbọ́ ti ọkàn mi mọ́ ni? (Oníkòkó, Òǹdó)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ibi tí ọkàn yín ti kọ́ṣẹ́ ni kí ẹ jẹ́ kó ti ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fún ẹ̀kúnwọ́ kòkó tó gbẹ, èèpo rẹ̀ á dún, á sì fọ́. Èyí tó tutù á kàn rọ̀ ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀rọ tí ń wọn ọ̀rinrin á sọ bóyá ó ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọn á sì la 300 ẹyọ wò bóyá ó ti bu. Bí ẹ bá ṣì í, owó yín ló ń lọ. Ohun tó kọ́ ọwọ́ yín nìyẹn. Gary Klein àti Daniel Kahneman, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì tí èrò wọn kì í bára mu lórí ọ̀rọ̀ yìí, fẹnu kò lọ́dún 2009 pé iṣẹ́ tó bá ní ìlànà tí kì í ṣàdédé yí, tí èsì rẹ̀ sì ń padà wá bá ẹni tó ń ṣe é, nìkan ni ọkàn ti lè gbọ́n.

Ti akọ̀wé kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin péré lẹ gbà, owó sì lè máa jò fún oṣù mélòó kan kí ẹ tó mọ̀. Àwọn tí ẹ dá padà ńkọ́, ta ló mọ bí wọn ì bá ti ṣe? Ẹnu dídùn àti ìdọ̀bálẹ̀ ni ọkàn yín ń rí.

Kí ẹ tó rí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ohun mẹ́fà tí iṣẹ́ náà ń fẹ́: ìṣirò, àkọsílẹ̀ owó, mímọ ọ̀nà oko, títètè dé, sùúrù pẹ̀lú àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo wọn. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ohun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní máàkì, 1 sí 5, kí ẹ tó bọ́ sórí òmíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun tó kọ́kọ́ wù yín á kó bá ìyókù. Ti ìṣirò, ẹ má bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e fún un: àpò mẹ́ta, kílò 63.5, 61 àti 64.25, ẹ yọ kílò kan fún àpò òfìfo kọ̀ọ̀kan. 185.75 ló gbọ́dọ̀ kù.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dijú, kí ẹ bi ọkàn ní máàkì tirẹ̀. Bí Kahneman ṣe ní kí wọ́n máa ṣe fún àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì nìyẹn lọ́dún 1955, máàkì ọkàn tó gbẹ̀yìn yìí sì wúlò tó àpapọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Owó àpò méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rán ẹni tí ẹ bá mú.

ÌBÉÈRÈ: Bí ara bá fu mí lórí òwò kan tí n kò rí ìdí rẹ̀ ńkọ́? (Aláṣọ, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Bí ebi bá ń pa yín, ẹ jẹun ná. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni mẹ́ta tó mọ òwò náà. Ẹ ní kí wọ́n gbà pé oṣù mẹ́fà ti kọjá, òwò ti dànù. Kí kálukú fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ ohun tó bà á jẹ́, láìsọ̀rọ̀. Èyí tí ẹni méjì bá kọ, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ o, torí ohun tí ọ̀gá bá sọ ni wọ́n á kọ.