Fílítà Kíbọ́ọ̀dù àti Ohùn Ìlù: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gba ohùn dùndún sílẹ̀ sínú kíbọ́ọ̀dù tí à ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ariwo ṣaworo bo ìlù náà mọ́lẹ̀. Mo yí Cutoff, bọ́tìnnì tó ń sọ ibi tí fílítà á ti máa gé ohùn, wálẹ̀ kí ṣaworo lè dákẹ́, ni ìlù bá ń dún bí ẹni pé wọ́n fi ìrọ̀rí bò ó. Kí ni mo ṣì ṣe? (Atẹdùùrù, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ ò ṣi bọ́tìnnì yí. Ojú kan tí ẹ fi í sí ló fa wàhálà. Asẹ́ ògì ni low-pass, irú fílítà tí ẹ ń lò yìí, jẹ́: ohùn tó wà nísàlẹ̀ Cutoff á kọjá, èyí tó ga jù ú lọ á kù sórí asẹ́. Lókè ni ṣaworo wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni “kà” tí kọ̀ǹgọ́ máa ń dún bó bá ṣe kan awọ wà. Bí ẹ bá ti Cutoff pa sí bíi 500 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ ti lé àwọn méjèèjì jáde nìyẹn.

Àkókò la fi ń yà wọ́n. “Kà” kì í pẹ́ rárá. Ṣaworo ló máa ń mì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fílítà ṣí bí ìlù bá ṣe balẹ̀, kó sì tètè padé. Nínú Filter Envelope, tó ń ṣí fílítà tó sì ń pa á dé fúnra rẹ̀, ẹ fi Attack (àkókò tó fi ń ṣí) sí 0, Decay (àkókò tó fi ń padé) sí 50 ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni ms kan), Sustain (ibi tó dúró sí lẹ́yìn náà) sí 0. Ẹ gbé Cutoff sí nǹkan bíi 600 Hz, kí Envelope Amount (bí Envelope ṣe ń gbé Cutoff ga tó) sì gbé e dé bíi 5,000 Hz níbẹ̀rẹ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù yín kò bá kọ Hz, etí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: ẹ ti Cutoff pa títí ṣaworo á fi wọlẹ̀, kí ẹ wá máa fi Envelope Amount kún un díẹ̀díẹ̀ títí “kà” á fi padà. Bí Decay bá kéré ju 20 ms lọ, ohùn náà á kàn ta pá ni. Bó bá kọjá 150, ṣaworo á tún yọjú.

Ẹ má jẹ́ kí Resonance kọjá ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́. Ohùn tó bá wà ní ojú Cutoff gan-an ló máa ń gbé ga, dùndún sì ń sọ̀rọ̀. Bí Resonance bá pọ̀, ohùn tó bá bọ́ síbẹ̀ á ta yọ ju àwọn yòókù lọ, fílítà fúnra rẹ̀ á tún máa súfèé. Ta ni yóò wá mọ̀ bóyá ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọkọ ni ìlù pè? Bó bá jẹ́ pé orí kíì púpọ̀ lẹ ti ń tẹ ẹ́, ẹ fi Key Follow sí 100%, kí fílítà lè máa bá ohùn lọ sókè sódò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yan 12 dB tàbí 24 dB (bí fílítà ṣe ń gé ohùn le tó), 12 ni kí ẹ mú.

Àmọ́ ká sòótọ́, bí ṣaworo bá pọ̀ jù nínú ohùn tí ẹ gbà, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ tún ìlù gbà. Ó yá ju gbogbo èyí lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ láìgba ohùn kankan sílẹ̀? (Owódé, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ mú white noise, ìyẹn ariwo “ṣàà” bíi ti rédíò tí kò mú ilé-iṣẹ́ kankan. Ẹ fi band-pass, fílítà tó ń jẹ́ kí ohùn àyíká Cutoff nìkan kọjá, sẹ́ ẹ ní 6,000 Hz, Decay ohùn 80 ms. Attack ni àṣírí rẹ̀: 8 ms ni kí ẹ fi í sí, torí ìlẹ̀kẹ̀ kì í kan igbá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ 0, ohùn páànù ìlù òyìnbó lẹ máa gbọ́. Fún “gbú” tí ọwọ́ ń gbá ní ìdí igbá, ẹ fi sine (ohùn kan ṣoṣo tó mọ́ gaara) 160 Hz kún un, Decay 100 ms.

ÌBÉÈRÈ: Fílítà nìkan ńkọ́, ṣé ó lè di ìlù? (Ẹni kan náà)

ÌDÁHÙN: Ó lè dà á. Bí ìlù bààsì Roland TR-808, ẹ̀rọ ìlù tó jáde ní 1980, ṣe ń dún náà nìyẹn: iná mànàmáná á ta sákíìtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á wá máa dún lọ bí agogo tí a lù. Ẹ yí Resonance sókè títí fílítà á fi máa súfèé, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀ títí súfèé náà á fi dákẹ́, Cutoff 55 Hz, kí ẹ fi ohùn tó kúrú gan-an ta á. Kíbọ́ọ̀dù mìíràn wà tí fílítà rẹ̀ kì í súfèé. Ti irú wọn kò lè ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ yí volume wálẹ̀ o, torí ó lè ba sípíkà jẹ́. Ẹ má sì fi sípíkà fóònù dán an wò, kò lè gbé 55 Hz. Earpiece ni kí ẹ lò.