Ahọ́n Kọ́ Ni Wọ́n So

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá wa ní Tàkìé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lóṣù tó kọjá. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀. Oníṣègùn kan ní wọ́n ti so wọ́n láhọ́n, òun máa sín gbẹ́rẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní ọpọlọ wọn ti kú, ká tètè ta ilẹ̀ wọn. Oògùn ọpọlọ wo ló dáa jù?

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé oògùn ọpọlọ tì ná. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi abẹ kan ahọ́n bàbá yín! Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́. Tí wọ́n bá ń jẹun, ẹ wo ẹnu wọn dáadáa: ahọ́n tí wọ́n ní wọ́n so ń yí oúnjẹ kiri. Ẹni tó so ó, ṣé òun náà ló di apá ọ̀tún, tó wá fi tòsì sílẹ̀?

Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sísọ wà. Tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá dí tàbí tó bẹ́ níbẹ̀, méjèèjì lè lọ lọ́jọ́ kan náà. Lọ́dún 1861, Paul Broca, dókítà ará Faransé, tọ́jú ọkùnrin kan tó jẹ́ pé “tan” nìkan ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá bá a sọ. Nígbà tó kú, wọ́n ṣí agbárí rẹ̀: iwájú apá òsì ọpọlọ rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ẹ̀yìn ibẹ̀, lókè etí òsì, ni òye ọ̀rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló fara pa, ọ̀rọ̀ á máa tú jáde láìní ìtumọ̀, àwọn èèyàn á sì ní ẹni náà ti ya wèrè.

  

Ọpọlọ kì í ṣe ìkòkò tó jẹ́ pé tó bá fọ́ níbì kan, ó parí nìyẹn. Ẹ ní kí bàbá pajú dé, kí wọ́n nawọ́ òsì sókè. Ẹ má fọwọ́ júwe o. Tí wọ́n bá ṣe é, wọ́n ń gbọ́ yín, wọ́n sì lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹ ń sọ lórí wọn! Ẹ bá wọn ka ení, èjì, ẹ̀ta: ẹni tí ò lè pe “omi” lè kà á dé ẹ̀wá, torí ohun tó ti mọ́ra máa ń ṣẹ́kù.

Èmi ò fojú kan wọn, nítorí náà dókítà tó ń tọ́jú wọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti ya àwòrán ọpọlọ wọn, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń kọ́ni lọ́rọ̀ sísọ padà. Tí wọ́n bá ti kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn, kò gbọdọ̀ já lọ́jọ́ kan. Ẹ má da àgbo sí wọn lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Tí wọ́n bá ń wúkọ́ nígbà tí wọ́n ń mu omi, ẹ dá omi náà dúró, kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.