Àtàǹpàkò Facebook kò ra ìwé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé láti Ṣábẹ̀ẹ́ pé ojú ewé Facebook yín kún fún àtàǹpàkò (like) lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n páálí ìwé àlọ́ yín ṣì wà nínú yàrá, kò dín. Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin wa yìí kan náà, ni mo ti ń kọ̀wé tèmi, ojú mi ti rí irú ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, Facebook ni wọ́n ti ń mọ èèyàn, WhatsApp ni wọ́n ti ń ra ìwé.

WhatsApp náà sì ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ má kàn máa kó àwọn èèyàn sínú gúrúpù, wọ́n á bínú jáde ni. Broadcast ni kí ẹ lò, ìyẹn àtòkọ tó ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn 256 ni ọ̀kan ń gbà, oníkálukú á sì rí i bíi pé òun nìkan lẹ kọ ọ́ sí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà. Status náà, ìyẹn àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbé sókè fáwọn èèyàn yín láti wò, ò yàtọ̀, ẹ̀yin gan-an tún gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, wákàtí 24 péré ló sì ń lò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ra ìwé lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ọjà, mi ò kì í jẹ́ kó lọ láìtẹ orúkọ mi sínú fóònù. Á ní òun máa ṣe é tóun bá délé. Rárá o, ojú ẹsẹ̀ la máa ń ṣe é! Àwọn ìyá mìíràn á na fóònù sí mi pé kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́. "Oníwèé Kétu" ni mo máa ń kọ síbẹ̀, torí ohun tí wọ́n máa fi rántí mi nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé ojú ewé kan tó kún fún àmì síwájú wọn, ara wọn ò ní balẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ gígùn sórí Facebook, wọ́n á tẹ àtàǹpàkò kó má bàa dà bí ẹni pé wọn ò lè kà á. Ohùn ni mo fi ń tajà ní tèmi. Kí ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ ariwo ni mo ti máa ń gbà á sílẹ̀, fèrèsé á wà ní títì, màá tẹ́ aṣọ nínípọn sórí tábìlì. Kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ibi tó bá ti gbóná gan-an ni mo ti ń dákẹ́: Ìjàpá na ọwọ́ sínú ìkòkò, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀... Ó tán. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ owó nínú ohùn yẹn o. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kì í bọ́ sójú agbo kó ní ẹ mówó wá, ìbà ló kọ́kọ́ ń jú. Iye owó, nọ́ńbà MoMo (tí wọ́n fi ń sanwó lórí fóònù) àti ibi tí wọ́n ti lè gba ìwé, ẹ kọ wọ́n sábẹ́ àwòrán èèpo ìwé, kí ẹ sì fi ìyẹn ránṣẹ́ lọ́tọ̀.

Orúkọ kan náà ni kí ẹ máa lò níbi gbogbo. Níbí, àwọn tó kàwé àgbà mọ ɔ àti ɛ, wọ́n sì ń kọ sh. Àwọn ará Ìmẹ̀kọ lódì kejì ibodè, ní Nàìjíríà, ń kọ ọ, ẹ àti ṣ. Bí orúkọ yín bá ní ṣ, ẹ jẹ́ kí èyí tó ní sh, tí kò ní àmì, hàn níbì kan lójú ewé yín, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ á ṣe tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n bá ń wá yín.

Amazon ń kọ́? Nígbà tí mo wò ó, Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí wọ́n ń gbà fún ìwé Kindle, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kà lórí ẹ̀rọ. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá kọ ìwé Faransé. Owó ìpolówó Facebook náà, mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ báyìí. Àtàǹpàkò ló máa mú pọ̀ sí i, ìyẹn ò sì wọ́n yín.

Tẹ́ ẹ bá tún ìwé náà tẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà WhatsApp yín sójú ewé tó kẹ́yìn, níbi tí àlọ́ parí sí gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àlọ́ mìíràn fi orúkọ àti ìlú rẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ní Pobẹ̀ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tèmi ni wọ́n ti rí mi. Èyí tó wà nínú páálí yẹn náà, ẹ lè gbẹ́ òǹtẹ̀ kékeré kan kẹ́ ẹ fi lu nọ́ńbà sí i.