Orúkọ ta ni wọ́n fẹ́ fi rà á?

Ìbéèrè: Igbá fífín ni mò ń tà lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́. Àwọn méjì ló fẹ́ bá mi ṣe wẹ́ẹ̀bù-sáìtì. Iye tí ọ̀kan pè kò tó ìdajì ti èkejì. Ta ni kí n gbé e fún? — Ìyá Onígbá

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ jẹ́ ká fi ti owó sílẹ̀ ná. Ẹ bi wọ́n pé, orúkọ ta ni wọ́n máa fi ra àdírẹ́sì sáìtì yín, èyí tó máa ń parí sí .com tàbí .com.ng? Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dọ́kàn. Nígbà tí mò ń ta bàtà aláwọ, orúkọ ara rẹ̀ ni ẹni tó ṣe tèmi fi rà á. Ọdún yípo, ó yẹ ká san owó ọdọọdún, kò gbé fóònù mọ́. Bí sáìtì ṣe kú nìyẹn. Káàdì tí mo tẹ àdírẹ́sì náà sí ṣì wà nínú àpótí mi, páálí kan gbáko. Orúkọ yín àti ímeèlì yín ni kí wọ́n lò, kí páásíwọ̀ọ̀dù sì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ ní kí wọ́n fi sáìtì tí wọ́n ti ṣe rí hàn yín. Fóònù tiyín ni kí ẹ fi ṣí i, torí fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń lò. Tí àwòrán bá pẹ́ kó tó yọ, tí ojú ọnà ara igbá kò bá hàn kedere, ẹ má gbà. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ pe ẹni tó ni ọ̀kan nínú àwọn sáìtì náà, kí ẹ bi í bóyá wọ́n ṣì ń dá a lóhùn lẹ́yìn tó sanwó tán.