Ọ̀kan ní iṣẹ́ náà dùn, èkejì ní ó korò: ta ni kí n gbọ́?

Tàǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Tokpota níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé. Kọ̀ǹpútà ni mo kọ́, sáìtì àwọn oníṣòwò ni mo sì fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ gbà mí báyìí. Wọ́n máa ń gba àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nímọ̀ràn lórí ètò kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì bá wọn ṣe é. Wọn ò ní ọ́fíìsì níbì kankan, ilé oníkálukú ni ọ́fíìsì rẹ̀. Owó tí wọ́n dárúkọ dùn ún gbọ́ létí. Mo wá wádìí lẹ́nu àwọn méjì tó ti bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹni tó wà ní Cotonou ní òun ò rí ibi ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó wà ní Lomé ní kí n sá, pé wọn ò jẹ́ kí òun sùn, wọ́n tún fi òun sílẹ̀ fún oṣù méjì láìsan nǹkan kan. Ọdún kan náà làwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́?
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Tokpota

Àbúrò, gba àwọn méjèèjì gbọ́. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Ohun tí wọn kì í sọ fún ẹni tuntun ni pé irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ọjà kankan tó ń tà ju wákàtí lọ, wákàtí tìẹ. Wọ́n á fi ọ́ sọ́dọ̀ oníbàárà kan, oníbàárà yẹn á máa sanwó lórí wákàtí rẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yọ tiwọn, wọ́n á fún ọ ní tìẹ. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni wàá rí lórí ìwé owó rẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníbàárà lo máa wà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Òun ló ń pe ìpàdé, òun ló ní ìkánjú, òun ló ní ọ̀gá tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ tàbí tí kò mọ̀ ọ́n sọ. Bí ẹni Cotonou bá bọ́ sọ́wọ́ báńkì kan ní Faransé, tí ẹni Lomé sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará California, ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ń ròyìn.

Wo ti aago nìkan. Nígbà òtútù, Paris àtàwa jọ ń lo aago kan náà. Nígbà ooru wọn, wọ́n á fi wákàtí kan ṣáájú wa. California ńkọ́? Wákàtí mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù, mẹ́jọ nígbà ooru. Bí wọ́n bá pe ìpàdé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní oṣù kìíní, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló lù ní Àjàṣẹ́. Ìgbà tí àwọn èèyàn ń ti Cotonou bọ̀ wálé ni iṣẹ́ tìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo ti wà lápá méjèèjì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dán ètò wò kí wọ́n tó gbé e fún oníbàárà, kí n wá ibi tó ti máa bàjẹ́. Àwọn tó ń kó ẹrù káàkiri Faransé ni mo kọ́kọ́ bá ṣe. Ìpàdé wọn kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀: oníkálukú á sọ ohun tó ṣe lánàá, ohun tó fẹ́ ṣe lónìí, ohun tó dí i lọ́wọ́, ó tán. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ mo ti wà lọ́jà Ouando, mò ń ná ẹja. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn parí, wọ́n gbé mi fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ní ìwọ̀ oòrùn lọ́hùn-ún. Ilé iṣẹ́ mi ò yí padà, owó oṣù mi ò yí padà. Oorun mi ló yí padà, àti oúnjẹ mi, ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé kan náà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Lọ́jọ́ kan a wà nínú ìpàdé orí fídíò, ó kàn mí láti sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ní kí n la ẹnu ni ìyá ọkọ mi ṣílẹ̀kùn wọlé, Kétu ni wọ́n ti ń bọ̀, àpò gaàrì wà lórí wọn. Kí ni kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀. Lójú àwọn òyìnbó, mo pòórá ni, àga òfìfo ni wọ́n ń wò. Wọ́n kàn ń gbọ́ "ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́", nítorí èèyàn kì í gé ìkíni kúrú fún ìyá ọkọ. Nígbà tí mo dìde, ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ara mi le. Mo ní ara mi le, ìyá ọkọ mi ló dé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kúrò lójú fídíò, wọ́n á ní ìyá ọkọ rẹ̀ ti dé, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Ohun tó ń múni rẹ̀ níbẹ̀ ni ìwé wákàtí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lo máa kọ ohun tí o fi ọ̀sẹ̀ náà ṣe, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí tí oníbàárà máa san lọ́tọ̀, èyí tí kò ní san lọ́tọ̀. Ìpàdé láàárín ara yín, nǹkan tuntun tí o ń kọ́, ẹni tuntun tí o ń fi mọ̀nà, iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa san án, ilé iṣẹ́ sì ń wò ó pé mélòó lo rí tà nínú wákàtí 40. Kò tún sí àyè kankan nínú ìwé yẹn fún ìgbà tí kúràn lọ, tí o ń sáré wá kpayo, epo fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wá, sínú ẹ̀rọ amúnáwá. (Ẹ ẹ̀ gbàgbé bí owó kpayo ṣe fò sókè ní oṣù kẹfà 2023, nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Mo rò pé àwa tó ń ṣiṣẹ́ nílé la kọ́kọ́ sunkún.)

Ìyẹn náà, oníbàárà ló ń pinnu bó ṣe máa rí lára rẹ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sápá wa níbí bàjẹ́ nítòsí Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 pọ̀, ó sì kan Benin. Àwọn oníbàárà tèmi ní kí n lọ sinmi, pé àwọn á san wákàtí náà. Ẹlẹgbẹ́ mi kan, ilé iṣẹ́ kan náà, oníbàárà mìíràn, wọ́n ní kó yọ ọ́ nínú ìsinmi ọdún rẹ̀. Bí o bá bi àwa méjèèjì léèrè lọ́sẹ̀ náà, ìdáhùn ẹni Cotonou àti ti ẹni Lomé lo máa gbà.

Ó wá ku oṣù méjì tí wọn ò sanwó. Láàárín oníbàárà kan sí òmíràn, àlàfo máa ń wà, orí bẹ́ǹṣì la máa ń pè é. Bí o bá jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn gan-an, owó oṣù rẹ á máa wọlé níbẹ̀, owó rẹ ní CNSS, àjọ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, á máa lọ, 3.6% lọ́wọ́ rẹ, 6.4% lọ́wọ́ wọn fún owó ìfẹ̀yìntì. Bí o bá jẹ́ prestataire, ìyẹn agbaṣẹ́ṣe, tí ìwọ fúnra rẹ ń kọ facture, ìwé tí o fi ń béèrè owó iṣẹ́, tí kò bá ti sí wákàtí, kò sí owó. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun tí kò forúkọ sílẹ̀ ní Benin, prestataire ni wọ́n sábà máa ń mú wa. Òfin iṣẹ́ wa ti 1998 tó dá wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kò sì ní bá ọ dá sí i. Ohun tó wà nínú kọ́ńtírà lòfin rẹ. Mo fẹ́ fi dá ẹ lójú pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni Lomé nìyẹn.

Nítorí náà, má tún bi ẹnikẹ́ni bóyá ilé iṣẹ́ náà dára. Bi wọ́n ní tààràtà: oníbàárà wo lẹ fẹ́ fi mí fún, aago ibo ni mo máa tẹ̀ lé, ta ló ń sanwó nígbà tí mo bá wà lórí bẹ́ǹṣì, ta ló ń san íntánẹ́ẹ̀tì? Bi wọ́n pẹ̀lú bóyá ibi tí o ń gbé wọ inú ìṣirò owó rẹ. Wọn kì í ṣe é bákan náà. Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà GitLab, tó kọ ìlànà rẹ̀ síta kí gbogbo ayé kà á, máa ń wo ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé kó tó dá owó. 37signals, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kì í wò ó. Bí wọ́n bá dáhùn ti bẹ́ǹṣì, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú kọ́ńtírà, èmi á gbà á lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Cotonou lójoojúmọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní "a máa rí i nígbà tó bá yá", má fi sáìtì àwọn oníṣòwò rẹ sílẹ̀.

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ọmọkùnrin mi ti Cotonou padà wálé, ó ní òun ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn òyìnbó. Òru ni mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá. Àwọn aládùúgbò ti ń sọ pé gaïman ni, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù CRIET, ilé ẹjọ́ tó ń dá ẹjọ́ jìbìtì, sì ń bà mí. Kí ni kí n bi í?
Ìyá kan, nítòsí Akaba Idena, Kétu

Ẹ kú àníyàn ọmọ, Ìyá. Ti òru yẹn kò tó nǹkan, ẹ ní kí wọ́n ka ìdáhùn òkè yìí fún yín, aago ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán. Láti 2018 tí wọ́n ti dá CRIET sílẹ̀, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣeré, ọ̀dọ́ tó bá sì gbé kọ̀ǹpútà láìní ìwé lè pẹ́ kó tó ṣàlàyé ara rẹ̀ tán.

Ẹ má bi í bóyá olè ni, ọ̀rọ̀ náà á dun ún. Ẹ ní kó fi kọ́ńtírà rẹ̀ hàn yín, àti facture, àti ìwé báńkì. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà ló yẹ kó máa fi owó ránṣẹ́, kì í ṣe orúkọ obìnrin kan lónìí, ti bàbá arúgbó kan lọ́la. Kó ní IFU, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń san owó orí, kó sì máa san án. Gaïman kì í lọ bá àwọn agbowó orí fúnra rẹ̀. Ẹ tún ní kó jẹ́ kí ẹ jókòó ti òun níbi ìpàdé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ kí wọn. Wọ́n á kí yín padà.

Tàǹtí, wọ́n ní kí n yàn, kí wọ́n máa san mí ní dọ́là tàbí ní yúrò. Èwo ló dáa?
Obìnrin kan, Attakè, Àjàṣẹ́

Yúrò, bí owó méjèèjì bá tó ara wọn lónìí. Láti 1999 ni yúrò kan ti jẹ́ 655.957 franc CFA, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Dọ́là ń rìn: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, dọ́là 1,000 kò tó 550,000, ní oṣù keje 2022, tí dọ́là àti yúrò di ọgbọọgba, ó ti lé ní 640,000. Inú ẹni tí wọ́n ń san ní dọ́là dùn lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n owó ilé ìwé ọmọ kì í dúró de dọ́là. Kí o tó fọwọ́ síwèé, lọ bi báńkì rẹ ní iye tí wọ́n ń yọ lórí owó tó bá ti òkè òkun wọlé, kí o sì ní kí ilé iṣẹ́ náà kọ ẹni tó máa gbé ìyọkúrò yẹn sínú kọ́ńtírà.