Wákàtí mẹ́ta ni àlọ, méjìlá ni àbọ̀: irú bàálù wo nìyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ẹ gbà mí, orí mi ti fẹ́ dàrú. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí JFK ní New York, wọ́n ní aago mẹ́wàá àárọ̀ la máa gbéra, aago kan ọ̀sán la máa dé. Tí mo bá wá ń bọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì! Ṣé ọ̀nà tó jìn ni wọ́n ń gbà bọ̀ ni àbí wọ́n kàn fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?

ÌDÁHÙN: Kò sẹ́ni tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o jàre. Aago ìlú tẹ́ ẹ ti gbéra àti aago ìlú tẹ́ ẹ ti máa balẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù sì fi wákàtí márùn-ún ṣíwájú New York (ó máa ń di mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lóṣù kẹta, àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan níparí oṣù kẹwàá, torí wọn kì í yí aago wọn lọ́jọ́ kan náà). Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ fi márùn-ún kún mẹ́ta, ó di mẹ́jọ. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ yọ márùn-ún nínú méjìlá, ó ku méje.

Wákàtí kan tó fi yàtọ̀ yẹn, ẹ̀fúùfù ló ni ín. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí bàálù ń gbà, ẹ̀fúùfù kan wà tí wọ́n ń pè ní jet stream, ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn, eré ẹ̀ lè ju 160 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ẹni tó ń bọ̀ láti New York, ẹ̀yìn ló ti ń tì í, ẹni tó ń lọ, ojú ló ń kọ ọ́. Lóṣù kejì ọdún 2020 tí ìjì ń jà, bàálù British Airways kan gbéra ní JFK, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56 ló fi dé Heathrow!

Ọ̀nà yẹn fúnra ẹ̀ jìn tó nǹkan bí 5,540 kìlómítà, ìyẹn bíi 3,440 máìlì. Ẹlòmíì á fi 900 kìlómítà tí bàálù ń sá ní wákàtí kan pín in, á rí wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀, ló bá di ariwo pé wọ́n parọ́ fóun. Kò rántí pé látìgbà tí bàálù ti kúrò ní géètì ni wọ́n ti ń ka àsìkò, tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀, tó tò sẹ́yìn àwọn tó kù, tó tún lè máa yípo lókè kí wọ́n tó ní kó balẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìlà tí mo rí lórí máàpù inú bàálù tẹ̀ bí ọrun ni. Kí ló dé tí wọn ò gba ọ̀nà tààrà?

ÌDÁHÙN: Tààrà yẹn náà ni wọ́n gbà. Ẹ wá glóòbù, ẹ fi òwú kan ìlú méjèèjì, ẹ fà á kó le dáadáa. Ẹ máa rí i tó gba orí Ireland kọjá, tó gba ọ̀dọ̀ Newfoundland ní Kánádà sọ̀ kalẹ̀. Ayé ló rí roboto, máàpù ló tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ awakọ̀ kì í tẹ̀ lé òwú yẹn géérégé lójoojúmọ́ o, tí ẹ̀fúùfù bá le jù níbì kan, wọ́n á yà fún un.