Gìtá Mi Ń Kùn, Ṣé Kí N Pààrọ̀ Píkọ́ọ̀pù Ẹ̀ Ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Gìtá iná tí mò ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Challenge n'Ìbàdàn níbí, píkọ́ọ̀pù tóóró mẹ́ta tó ń gbé ohùn okùn ló wà lára ẹ̀, irú ti gìtá Stratocaster yẹn. Mo fẹ́ràn ohùn ẹ̀ gan-an, àmọ́ tí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin, tí pásítọ̀ bá wá ń gbàdúrà, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo èèyàn á máa wò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ gbogbo ẹ̀ dànù kí n lọ ra humbucker sí i, irú píkọ́ọ̀pù tí kì í kùn yẹn. Mo ti ń tọ́jú owó ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kí ohùn yẹn má lọ. Kí ni kí n ṣe, sà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì náwó yẹn o, dì í mú ná. Gìtá ẹ ò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe irú píkọ́ọ̀pù yẹn náà nìyẹn, ohun tó jẹ́ kí ohùn ẹ̀ mọ́ tó o fi fẹ́ràn ẹ̀ ló bá kíkùn yẹn tan, tó o bá lé ọ̀kan jáde, díẹ̀ lára ìkejì á tẹ̀ lé e.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀. Píkọ́ọ̀pù ò ju irin òòfà àti wáyà bàbà lọ. Wọ́n á mú wáyà tó tín-ín-rín bí irun orí, wọ́n á máa yí i mọ́ òòfà náà lára, ti Stratocaster máa ń tó bí ìgbà 8,000. Irin ni okùn gìtá, tó o bá ta á tó ń gbọ̀n lókè òòfà yẹn, ṣe ló ń dà agbára òòfà náà rú, rírú tó ń rú yẹn ló ń di iná kékeré nínú wáyà, iná yẹn ló sì ń lọ bá áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbóhùn sókè. Michael Faraday ló ṣàwárí ẹ̀ ní 1831, ohun kan náà ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yín, òòfà àti wáyà bàbà ló wà níbẹ̀ náà. Torí pé okùn irin ni òòfà ń bá ṣiṣẹ́, tó o bá fi okùn ọ̀rá sórí gìtá yẹn, píkọ́ọ̀pù ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Mo ṣí píkọ́ọ̀pù kan rí nílé mi ní Òkè-Àdó. Mo fẹ́ rí inú ẹ̀ ni, mo ń ká téèpù tí wọ́n fi dì í, wáyà pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn bá lẹ̀ mọ́ téèpù, ó já, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìgbà tó já. Mo gbé e sábẹ́ iná, mo wá ojú ibi tó ti já títí, mi ò rí i. Ojú kan péré ló já nínú gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà tí wọ́n yí i yẹn o, píkọ́ọ̀pù sì kú fin-ín fin-ín. Torí náà tó o bá fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan lára ẹ̀, skúrù ni kó o máa fọwọ́ kàn, má débi wáyà rárá.

Ó dáa, kíkùn yẹn ńkọ́? Iná NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀, ó máa ń lọ ó máa ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, gbogbo wáyà ara ògiri, tiransifọ́mà inú áńpù, iná gígùn òkè àjà, ínfátà, gbogbo wọn ló ń ju ìyẹn sínú afẹ́fẹ́. Píkọ́ọ̀pù ẹ ò sì mọ̀ bóyá okùn ló ń sọ̀rọ̀ àbí jẹnẹrétọ̀, ohun tó bá ṣáà ti kàn án lára ló máa gbé fún áńpù.

Seth Lover, òṣìṣẹ́ Gibson, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà, ló jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí ní 1955, nígbà tó fi máa di 1957 wọ́n ti ń fi píkọ́ọ̀pù tiẹ̀, ìyẹn humbucker, sára gìtá. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé wáyà yíyí méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó yí ọ̀kan síhìn-ín ó yí ìkejì sọ́hùn-ún, ó sì dojú òòfà ọ̀kan kọ òkè, ó dojú ti ìkejì kọ ìsàlẹ̀. Ariwo tó ń bọ̀ láti ìta á wọ inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á fà á síwá, ìkejì á fà á sẹ́yìn, bí ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ń fa okùn mọ́ra wọn lọ́wọ́, okùn ò ní kúrò lójú kan. Àmọ́ ohùn okùn gìtá fúnra ẹ̀, torí pé òòfà méjèèjì dojú kọ ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ńṣe ló ń pa pọ̀ di ńlá. Ọgbọ́n yẹn wú mi lórí títí dòní.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà ẹ́ yẹn, òótọ́ ni. Wáyà humbucker pọ̀ jù, ibi tó ti ń gbọ́ okùn sì fẹ̀ jù, àwọn ohùn wẹ́wẹ́ tó wà lókè téńté á sọnù díẹ̀, ohun tó kù á ki, á lágbára, á tètè mú kí áńpù han. Fún rọ́ọ̀kì, ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ wá wo jùjú tiwa. Látìgbà tí Àyìndé Bákàrè ti gbé ẹ̀rọ tó ń gbóhùn sókè mọ́ gìtá nínú jùjú ní 1949, gìtá ti ń pọ̀ sí i lórí ìtàgé, títí a fi dé ọ̀dọ̀ Sunny Adé àti Obey tí gìtá bíi mélòó kan jọ ń dá ara wọn lóhùn, oníkálukú ń ta díẹ̀ díẹ̀, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, ó ń wọ inú àlàfo tí gángan fi sílẹ̀. Tí gbogbo wọn bá ki, ta ló máa dá èwo mọ̀? Ohùn tó mọ́ tó sì já gaara ló bá irú iṣẹ́ yẹn mu, orin ìyìn tí ẹ ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì náà sì jọ ọ́. Mi ò sọ pé humbucker ò lè ta jùjú o, àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, single-coil yẹn, ìyẹn píkọ́ọ̀pù oníwáyà yíyí kan bíi tìẹ, ò ní kúrò lára gìtá mi.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Tí síwíìṣì ẹ bá ní ojú márùn-ún, gbé e sí ojú kejì tàbí ìkẹrin, ibi tí píkọ́ọ̀pù méjì ti jọ ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ gìtá ayé ìsìnyí, wọ́n ti yí ti àárín sódì, tí kíkùn bá dákẹ́ níbẹ̀, o ti ní humbucker lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn láìná kọ́bọ̀. Jìnnà sí áńpù. Rọra yí ara ẹ, wàá rí i pé tó o bá kọjú síbì kan ariwo á lọ sílẹ̀, dúró síbẹ̀. Tí pásítọ̀ bá ti fẹ́ gbàdúrà, yí fọ́lúùmù sílẹ̀ pátápátá. Bébà bàbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú gìtá náà wúlò, á dín ariwo wẹ́wẹ́ tó wà lókè kù, àmọ́ kò ní pa kíkùn ìsàlẹ̀ yẹn tán. Èyí tí mo fẹ́ kó o mú ní pàtàkì ni pé tí okùn gìtá bá gbé ẹ lọ́wọ́, àní kó kàn ta ẹ́ pín-ín, gbé gìtá sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n pe oníná wá wo áàtì jẹnẹrétọ̀ yẹn, wáyà tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀, torí iná ń pa èèyàn.

Tó o bá ṣe gbogbo èyí tí kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ra humbucker tóóró tó máa wọ ihò kan náà, wọn ò ní í gbẹ́ pákó ẹ.

Ìbéèrè: Humbucker méjì ló wà lára gìtá tèmi, Bódìjà ni mo wà. Kí ló dé tí ti ẹ̀gbẹ́ ọrùn ṣe ń dún rìndìn, tí ti ẹ̀gbẹ́ bíríìjì, níbi tí okùn ti jókòó nísàlẹ̀, ń han, nígbà tó jẹ́ okùn kan náà ni?

Ìdáhùn: Ta okùn tó nípọn jù lọ kó o gbójú sún mọ́ ọn. Nítòsí bíríìjì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira, bó o ṣe ń lọ sápá ọrùn ló ń fẹ̀, bí okùn tá a fi ń sá aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ibi tó ti ń fẹ̀ ni béèsì wà, ibi tó ti le ni tírẹ́bù pọ̀ sí. Torí ẹ̀ ló ṣe yẹ kí ti bíríìjì sún mọ́ okùn díẹ̀ ju ti ọrùn lọ, kí agbára wọn lè dọ́gba. Wá skúrù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, yí i díẹ̀, ta á, gbọ́ ọ, tún yí i. Má kàn gbé e sókè jù o, òòfà á bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn, ohùn á máa gbọ̀n bíi pé gìtá ò wà ní tuùn.

Ìbéèrè: Ẹni tó fẹ́ ta píkọ́ọ̀pù fún mi ní Dùgbẹ̀ ní òòfà alnico ni ojúlówó, pé ayédèrú ni sẹ̀rámíìkì. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Irin tí wọ́n po pọ̀ mọ́ aluminium, nickel àti cobalt ni alnico, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ ẹ̀. Sẹ̀rámíìkì jẹ́ òòfà tó lágbára, owó ẹ̀ ò wọ́n, ohùn ẹ̀ máa ń le díẹ̀, àwọn tó ń ta rọ́ọ̀kì líle sì ń dìídì wá a. Ohun tó o máa ṣe ni kó o mú mítà tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń lò dání, kó o fi wọn wáyà ẹ̀ kó o tó sanwó. Single-coil máa ń wà ní bíi kílò-òòmù 6 (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ nìyẹn), humbucker bíi 8. Tí mítà ò bá sọ nǹkan kan rárá, wáyà ti já nínú, fi sílẹ̀ fún un.